Ó já láti orí àkàbà, ó sì dìde fúnra rẹ̀: ṣé kó padà sẹ́nu iṣẹ́?

Akọ̀lànà béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ààbò níbi iṣẹ́. Ìlànà kan là ń kọ fún ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ti ń gun àkàbà lójoojúmọ́: wọ́n ń pààrọ̀ gílóòbù, wọ́n ń kun ọ̀dà, wọ́n ń sọ páálí kalẹ̀ látorí pẹpẹ. Ibì kan wà tí ẹnu wa ò ti kò.

Ká ní òṣìṣẹ́ kan wà ní nǹkan bíi mítà 3 sókè lórí àkàbà tí wọ́n fi ti ògiri. Ẹsẹ̀ àkàbà yọ̀ sẹ́yìn, òun àti àkàbà jọ wá sílẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi balẹ̀. Ó dìde, ó gbọn aṣọ, ó ní kò sóhun tó ṣe òun, àfi gìgísẹ̀ tó ń dun òun díẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní kó lọ jókòó fún wákàtí kan, tó bá ti ń rìn dáadáa kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn yòókù ní ọsibítù ni. Kí ni ká kọ?

Ohun kejì: kí ló ń mú kí àkàbà tó ti dúró gbọn-in láti àárọ̀ yọ̀ nígbà téèyàn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí rẹ̀? Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń ní "ó kàn yọ̀ ni". Èmi ò gbà pé ó kàn ń yọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Pàjáwìrì fèsì:

Ọsibítù ni, lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sì jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn dé ìdí ọkọ̀.

Ẹni tó já láti mítà 3 kì í pẹ́ lófuurufú, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.8 ni, eré tó fi ń kanlẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 28 ní wákàtí kan. Gìgísẹ̀ ló kọ́kọ́ gba gbogbo rẹ̀. Agbára yẹn kì í sì í dúró níbẹ̀. Ó ń gba ojúgun gòkè lọ sí orúnkún, ó ń gba itan lọ sí ìgbáròkó, ibi tó sì sábà máa ń já sí ni eegun ẹ̀yìn, níbi tí àyà ti parí tí ìbàdí ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹni 10 tí gìgísẹ̀ rẹ̀ fọ́ nítorí pé ó já láti òkè, ó máa ń tó ẹnì kan tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ náà fọ́. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó bá rí gìgísẹ̀ tó fọ́ fi máa ń tẹ ẹ̀yìn wò, kódà bí ẹni náà ò bá dárúkọ ẹ̀yìn. Ìrora gìgísẹ̀ le débi pé ó máa ń bo ti ẹ̀yìn mọ́lẹ̀.

Ẹ wo gìgísẹ̀ náà dáadáa. Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ níbi tó jókòó sí, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ kejì wé e. Tí ọ̀kan bá fẹ̀ ju ìkejì lọ, tí kòtò kékeré tó máa ń wà lábẹ́ kókósẹ̀ bá ti wú dí, tí kò sì lè fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀, ẹ kà á sí eegun tó fọ́ títí X-ray á fi sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sí àtẹ́lẹsẹ̀ máa ń jáde lọ́jọ́ kejì, nítorí náà tẹ́ ò bá rí i lọ́jọ́ tó já, ẹ má fi ìyẹn dá ara yín lójú. Ẹ tú okùn bàtà rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ ẹ má fi tipátipá bọ́ bàtà náà. Ẹ má sì sọ pé "ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ó lè rìn". Àdánwò burúkú ni. Àwọn kan wà tí eegun ẹ̀yìn wọn ti sán tí wọ́n ṣì ń rìn.

Àwọn àmì tó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ ọsibítù ni kẹ́ ẹ pè kíá, kẹ́ ẹ má gbé e fúnra yín rárá: ó dákú, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó ń bì léraléra, orí fífọ́ rẹ̀ ń le sí i, oorun ń gbé e tàbí ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà, ọmọlójú kan tóbi ju ìkejì lọ, ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tó mọ́ lóló ń ti etí tàbí imú rẹ̀ jáde. Ní ti ẹ̀yìn, ẹ bi í bóyá ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tún bi í, ẹ má tijú, bóyá abẹ́ rẹ̀ àti àárín itan kú tipiri bí ibi tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìrora, àti bóyá ìtọ̀ kọ̀ láti jáde tàbí kò ṣeé dá dúró. Ìyẹn ò ṣeé fi di ọ̀la: ó lè jẹ́ pé eegun ti tẹ iṣan ìmọ̀lára mọ́lẹ̀, tó bá sì pẹ́, ó lè má bọ̀ sípò mọ́.

Inú ikùn ni mo máa ń rí i tí wọ́n ń gbàgbé. Ikùn tó le, àwọ̀ ara tó funfun, òógùn tútù, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ọwọ́ tó ń sáré: ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú. Àmì kan wà tó máa ń tan èèyàn jẹ: èjìká òsì tó ń dùn nígbà tó jẹ́ pé kò fi èjìká gbálẹ̀ rárá. Ẹ̀jẹ̀ tó kóra jọ lábẹ́ ìhà òsì ló ń jẹ́ kí èjìká máa dùn bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ lọ sí ọsibítù tó bá ti fi orí gbá nǹkan kan, kò ṣe pàtàkì bó ṣe kéré tó. Bákan náà ni ẹni tó ti lé ní ọdún 65.

Akọ̀lànà fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an, Nọ́ọ̀sì. Tí kò bá wá dìde ńkọ́? Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé ẹni méjì á sáré wá, ọ̀kan á mú apá, ìkejì á mú ẹsẹ̀, wọ́n á gbé e kúrò lójú ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì_Pàjáwìrì fèsì:

Èyí tí wọ́n ń ṣe yẹn gan-an ló ń sọ eegun tó sán lásán di èyí tó gé ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó lè pa ẹ̀yin náà: tí àkàbà bá kan wáyà iná, ẹ má fọwọ́ kan àkàbà tàbí ẹni náà títí wọ́n á fi pa iná níbi tó ti ń wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba iwájú rẹ̀ lọ bá a sọ̀rọ̀, kó má bàa yí ọrùn láti wò yín. Kí ẹnì kan kúnlẹ̀ sẹ́yìn orí rẹ̀, kó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì tilẹ̀, kó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú níbi tó wà. Kò gbọ́dọ̀ fà á, kò gbọ́dọ̀ yí i. Tó bá dé akoto, ẹ fi akoto sílẹ̀, àyàfi tó bá ń dí i lọ́wọ́ láti mí. Ẹ fi aṣọ bò ó, torí ilẹ̀ tútù. Ẹ má fún un lómi, ẹ má fún un lóúnjẹ. Wọ́n lè ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 gbáko láìṣí i wò. Àwọn èèyàn kì í lè dúró, wọ́n á ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ tó ti fẹ́ dì á tún bẹ̀rẹ̀. Tí nǹkan kan bá gún un tó sì ṣì wà nínú ara, ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má fà á yọ.

Tó bá fẹ́ bì, tàbí tó ti dákú àmọ́ tó ń mí, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, orí, ọrùn àti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí wọ́n ń yí ìtí igi. Ẹni tó di orí mú ló máa kà á, "ọ̀kan, méjì, ó yá". Tí kò bá mí mọ́, tàbí tó kàn ń gbin, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ti kúrò níbẹ̀: ẹ dá a dùbúlẹ̀ kó fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn ní èémí á fún un ní 2 lẹ́yìn ìtẹ̀ 30 kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kó kàn máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ọmọ_Káfíńtà fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì. Àkàbà ò "kàn" yọ̀ lóòótọ́. Bó ṣe máa ń rí nìyí.

Tó o bá wà ní àtẹ̀gùn kejì tàbí ìkẹta, ìwọ̀n ara rẹ ń tẹ ẹsẹ̀ àkàbà mọ́ ilẹ̀ ni, ògiri ò fi bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Bó o ṣe ń gòkè, orí àkàbà á máa tẹ ògiri sí i, ògiri náà á sì máa tì í padà. Ohun kan ṣoṣo tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sá sẹ́yìn ni bí rọ́bà ṣe di ilẹ̀ mú. Ó wá túmọ̀ sí pé ìwọ̀n ara kan náà tó rọrùn nísàlẹ̀ ni ó ń wúwo jù fún ẹsẹ̀ àkàbà nígbà tó o bá dé orí, tó o sì ń na ọwọ́ sí gílóòbù.

Ẹ gba ẹni kílò 80 tó ti dé orí pátápátá. Tí àkàbà bá dúró ní dígírì 75, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè di ohun tó tó kílò 21 mú kó má yọ̀. Tẹ́ ẹ bá fà á jáde di dígírì 60, ó di nǹkan bíi kílò 46. Mi ò ka ìwọ̀n àkàbà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, mo sì gbà pé ògiri ń yọ̀, àmọ́ bí ìṣirò náà ṣe ń lọ nìyẹn: dígírì 15 péré, iṣẹ́ ẹsẹ̀ àkàbà ju ìlọ́po méjì lọ. Ilẹ̀ gbígbẹ tó ṣe háráhárá lè gbà á. Ilẹ̀ táìsì tó ní eruku sìmẹ́ńtì, tàbí páálí tẹ́ ẹ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kó má ha ilẹ̀, kò lè gbà á. Páálí yẹn ni mo kórìíra jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹsẹ̀ àkàbà á di páálí mú dáadáa, páálí fúnra rẹ̀ á sì máa sá lọ.

Ọ̀nà tẹ́ ẹ fi lè mọ dígírì 75 láìlo irinṣẹ́: ìwọ̀n 1 jáde fún ìwọ̀n 4 sókè. Tí ibi tí orí àkàbà ti kan ògiri bá ga ní mítà 4, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní mítà 1 sí ògiri. Tẹ́ ò bá ní téèpù lọ́wọ́, ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ àkàbà, ẹ dúró ṣánṣán, ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú ní ìwọ̀n èjìká. Àtẹ́lẹwọ́ yín gbọ́dọ̀ dé ara ọ̀pá àtẹ̀gùn tó wà níwájú yín. Tẹ́ ẹ bá ní láti tẹ̀ síwájú kẹ́ ẹ tó tó o, ẹsẹ̀ àkàbà ti jìnnà sí ògiri jù, òun ló máa yọ̀. Tí apá yín bá sì ní láti ká kò, àkàbà ti ga gàgà jù, ó lè gbé yín já sẹ́yìn.

Ìyókù kíákíá. Tí wọ́n bá fẹ́ gba orí àkàbà bọ́ sórí òrùlé tàbí pẹpẹ, kó yọ kọjá ibẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, kí ọwọ́ lè rí nǹkan dì mú. Àkàbà onípele méjì tí wọ́n ń fà gùn, tí kò bá ju mítà 11 lọ, kí apá kan wọ inú ìkejì tó sẹ̀ǹtímítà 90 ó kéré tán, kí ìkọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ti há. Má dúró lórí àtẹ̀gùn mẹ́ta tó gbẹ̀yìn lókè. Èyí tó ń ya ẹsẹ̀ dúró fúnra rẹ̀, má tẹ orí rẹ̀ àti àtẹ̀gùn tó tẹ̀ lé e, má sì pa á dé kó o wá fi ti ògiri: ìgbà tó bá là ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fi gbogbo rọ́bà kanlẹ̀, tó bá dé, etí rọ́bà nìkan ló fi ń dúró.

Mọlémọlé fèsì:

Gbogbo èyí gùn. Ẹ fi ẹnì kan sídìí àkàbà, kó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó parí.

Olùṣọ́_Ààbò fèsì:

Ọ̀gá mi, kò parí o. Ẹni tó fẹsẹ̀ tẹ àkàbà lè ṣèrànwọ́ lórí àkàbà kúkúrú, àmọ́ kò lè dá a dúró tí orí rẹ̀ bá ń yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń yí dànù nìyẹn. Bí àkàbà bá ṣe gùn sí ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Ẹni náà tún wà lábẹ́ òòlù tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó bá já bọ́. Ká má tíì sọ pé ẹni tí wọ́n ní kó dúró sídìí àkàbà ni wọ́n sábà ń pè pé "gbà mí ní síkúrú yẹn wá". Ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà gẹ́gẹ́ bí ohun tó gbẹ̀yìn.

Okùn ló ń dá àkàbà dúró. Ẹ so ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ nǹkan tó le lókè. Ẹ má so ọ̀pá àtẹ̀gùn nìkan, ẹ má so ọ́ mọ́ páìpù ọ̀rá tàbí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ẹ má sì fi orí àkàbà ti gíláàsì tàbí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ yẹn kan náà. Ìgbà tẹ́ni àkọ́kọ́ ń gòkè láti lọ so ó nìkan ló tọ́ kí ẹnì kan tẹ ìdí rẹ̀. Tí kò bá ṣeé so lókè, ẹ so ìdí rẹ̀ mọ́ èèkàn tàbí òpó. Tí ìyẹn náà ò bá ṣeé ṣe, iṣẹ́ náà kì í ṣe ti àkàbà, ẹ lọ gbé sikáfọ́ọ̀dì wá.

Ìlànà HSE, àjọ tó ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́ nílẹ̀ Bìrìtéènì, dá a dúró sí bí ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀kan fún iṣẹ́ orí àkàbà. Ó wù mí kẹ́ ẹ lò ó, torí ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ kì í mọ ibi tó ń tẹ̀ nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Ẹsẹ̀ méjì àti ọwọ́ kan, tàbí ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ kan, ló gbọ́dọ̀ wà lára àkàbà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń gùn ún tàbí tí wọ́n ń sọ̀. Kí irinṣẹ́ wà nínú bẹ́líìtì tàbí kí wọ́n fi okùn fà á gòkè. Kí ìdodo má kọjá ọ̀pá ẹ̀gbẹ́: ẹni tí ìdodo rẹ̀ ti yọ síta ti na ara jù, kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sún àkàbà. Sísún àkàbà fún ìṣẹ́jú méjì yìí ni wọ́n ń sá fún tí wọ́n fi ń já.

Ẹ wo ìlẹ̀mọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà. Èyí tí wọ́n ṣe gẹ́gẹ́ bí EN 131, ìlànà àkàbà ti ilẹ̀ Yúróòpù, ń gbé kílò 150. Ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kọ Type sí: III ń gbé nǹkan bíi kílò 91, II ń gbé 102, I ń gbé 113, IA ń gbé 136, IAA ń gbé 170. Èèyàn, bàtà, irinṣẹ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n jọ ń kà, kì í ṣe èèyàn nìkan. Níbi tí iná mànàmáná bá wà, ẹ má gbé àkàbà alumíníọ́ọ̀mù dé ibẹ̀ rárá. Ti fáíbà ni kẹ́ ẹ lò, kó sì gbẹ, kó mọ́, torí fáíbà tó tutù tí ìdọ̀tí bò náà lè gbé iná. Ẹ jìnnà tó mítà 3 sí wáyà ìta tí nǹkan kan ò bò.

Akọ̀lànà fèsì:

Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè tó kù: àkàbà tó já náà, ṣé ká tún un ṣe? Kí sì ni ká kọ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ yàtọ̀ sí "ó yọ̀"?

Olùṣọ́_Ààbò fèsì:

Ẹ má tíì gbé e nílẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbé ẹni náà lọ tán, ẹ ya fọ́tò àkàbà níbi tó sùn sí, kẹ́ ẹ wá wá ilà dúdú tí rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ fà sílẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ilà yẹn ni ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà kó tó yọ̀. Ẹ wọn ibẹ̀ sí ògiri. Ẹ wo ògiri fún ibi tí orí rẹ̀ ti ha ọ̀dà, ẹ wọn gíga ibẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀n ìsàlẹ̀ pín tòkè. Tí ìdáhùn bá kéré sí 4 dáadáa, bíi 2 tàbí 2 àtààbọ̀, ẹ ti rí ohun tó fà á láìbi ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ìka ra ilẹ̀ níbẹ̀, ẹ kọ ohun tó lẹ̀ mọ́ ìka: òróró, eruku, omi. Ẹ kọ irú bàtà, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àtẹ̀gùn tó wà, aago, àti ẹni tó rí i. Orúkọ ẹni tó jẹ̀bi kò sí lára ohun tí ìwé yẹn wà fún.

Ọmọ_Káfíńtà fèsì:

Kí n fi ti àkàbà parí rẹ̀. Ẹ so páálí pupa mọ́ ọn, "ẹ má gùn ún", kẹ́ ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú: tí igun kan bá gbé sókè, ó ti lọ́. Ẹ di ọ̀pá àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan mú, kẹ́ ẹ fi gbogbo agbára yí i bí ìgbà tí wọ́n ń fún aṣọ. Èyí tó bá yí, ìdè rẹ̀ ti tú. Ẹ wo rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀. Tí ilà inú rẹ̀ bá ti jẹ tán, ìyẹn nìkan ló ṣeé pààrọ̀, kó sì jẹ́ irú ti ẹni tó ṣe àkàbà náà.

Ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ tó ti ká ò ṣeé nà padà. Alumíníọ́ọ̀mù tó ti ká lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n fi òòlù nà máa ṣẹ́ níbẹ̀ gan-an, láìkìlọ̀. Fáíbà tó ti ń yọ irun funfun bí òwú náà ti lọ. Ti igi, ẹ má kun ún lọ́dà: ọ̀dà ń bo ibi tó sán. Ẹ fi fáníìṣì tó mọ́ gaara kùn ún, kójú lè rí igi.

Èyí tó bá ti bàjẹ́, ẹ fi ayùn gé ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì láàárín kẹ́ ẹ tó jù ú nù. Àkàbà odindi kì í pẹ́ níbi ààtàn.